Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀jẹ́túnjí Abọ́yadé àti Òṣùwọ̀n Pípín Owó Ìlú

Ìlú Àwẹ́, nítòsí Ọ̀yọ́, ni a ti bí Ọ̀jẹ́túnjí Abọ́yadé ní ọdún 1931. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ètò ọrọ̀-ajé ní Yunifásítì Hull, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Cambridge, ó sì padà wálé láti di olùkọ́ ní Ìbàdàn. Ó wà lára àwọn onímọ̀ tí ó la ọ̀nà fún Ètò Ìdàgbàsókè Kejì ti orílẹ̀-èdè yìí, ti ọdún 1970 sí 1974. Òun ni Gíwá Yunifásítì Ifẹ̀ láti ọdún 1975 di 1978.

Ní ọdún 1977, ìjọba àpapọ̀ fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò dábàá bí a ó ti máa pín owó orílẹ̀-èdè. Ṣáájú ìgbà náà, ìdajì owó tí ó jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ ni a ń pín dọ́gba-dọ́gba, a sì ń fi iye ènìyàn pín ìdajì kejì. Iye ènìyàn ni ìjà wà, nítorí pé a ti fagi lé ètò ìkànìyàn ọdún 1973.

Ọgbọ́n àwọn tí ń ṣe ìwádìí ètò iṣẹ́ ni ìgbìmọ̀ náà lò: bí ohun tí a ń lépa bá pọ̀, tí wọn kò sì rìn pọ̀, kí a dárúkọ wọn, kí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀. Máàkì 25 jẹ́ ti àǹfààní ìdàgbàsókè tí ó dọ́gba. 22 jẹ́ ti òṣùwọ̀n ìgbé-ayé tí kò gbọdọ̀ wálẹ̀ níbikíbi. 20 jẹ́ ti agbára láti fi owó ṣiṣẹ́. 18 jẹ́ ti ìsapá láti pawó wọlé fúnra ẹni. 15 jẹ́ ti ìmọ̀wọ̀n-ìná. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 100. Ìgbìmọ̀ náà tún ní kí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí à ń pè ní Yewa lónìí. Ọdún 1976 ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Fún Ìlaró àti Ayétòrò, ìpín tí ó dájú fún ìjọba ìbílẹ̀ ni ọ̀nà àti ilé-ẹ̀kọ́ rọ̀ mọ́.

Àwọn aṣojú tí ó jókòó lórí òfin ìpilẹ̀ ọdún 1979 kọ àbá náà, pé ó díjú jù. Níbí ni ẹ̀kọ́ ńlá wà: òṣùwọ̀n lè péye lójú onímọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni tí a ń wọn nǹkan fún kò bá lè fi ojú ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní fọkàn tán an. Síbẹ̀, ìdá 10 ti ìjọba ìbílẹ̀ tún hàn nínú òfin pípín owó ti ọdún 1981.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Abọ́yadé papòdà ní ọdún 1994.