Àdùnní Olórìṣà: ọmọ Graz tó di ará Òṣogbo

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Òkukù yóò kọjá Ìnísà àti Ìkìrun kó tó dé Òṣogbo. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gba ọ̀nà yìí lọ wo Igbó Ọ̀ṣun: a lọ láàárọ̀, a dé nírọ̀lẹ́, fọ́tò kún fóònù. Bí a bá bi wá léèrè ẹni tó mọ àwọn ère tí a dúró tì, díẹ̀ nínú wa ló lè dáhùn.

Susanne Wenger ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ìlú Graz ní Austria ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 4 oṣù Keje, ọdún 1915. Ó kọ́ iṣẹ́ ọnà níbẹ̀ àti ní Vienna. Ní Paris ló ti pàdé Ulli Beier, ará Jámánì. Wọ́n ṣègbéyàwó, wọ́n sì wá sí Ìbàdàn ní 1950, nítorí Beier ríṣẹ́ ní yunifásítì ibẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n dé ni ikọ́ ife dá a dùbúlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kó lọ sí Ẹdẹ, ó pàdé Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá. Àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní láti dúró díẹ̀ níbí. Obìnrin náà kò gbọ́ Yorùbá, bàbá náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti kọ́ ohun tó fi ìyókù ayé rẹ̀ ṣe. (Kò sí èyí nínú ohun tí wọ́n ń bi wá nínú ìdánwò.) Ó di olórìṣà, wọ́n sì ń pè é ní Àdùnní. Oríkì sì nìyẹn, ọmọ ilé là ń fún, a kì í fún àlejò.

Ó gba Ìlobùú dé Òṣogbo. Igbó Ọ̀ṣun ti ń tán lọ nígbà náà: wọ́n ń gé igi, wọ́n ń dẹ ọdẹ, wọ́n ń pẹja, ikán sì ti jẹ àwọn ojúbọ. Àwọn olùsìn ló ní kó bá àwọn tún un ṣe. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kò jáde ilé-ẹ̀kọ́ ọnà kankan. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí. Buraimoh Gbadamosi ń gbẹ́ òkúta, Kàsálí Àkàǹgbé ń gbẹ́ igi. Ìyá Mọ̀ọ́pó tí wọ́n fi símẹ́ńtì mọ ga ju ènìyàn lọ fíìfíì. Àwọn kan ní ère wọ̀nyí kò jọ ti àwọn baba wa. Lóòótọ́, kò jọ ọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ta ni yóò gbé àáké wá síwájú Ìyá Mọ̀ọ́pó?

Ìjọba dáàbò bo apá kan igbó náà ní 1965, wọ́n mú un gbòòrò dé hẹ́kítà 75 ní 1992, UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, nígbà tí Àdùnní pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ó kú ní Òṣogbo lọ́jọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní, 2009. Jẹ́lé-ó-sinmi ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì wà.

Ní àwọn erékùṣù òkun tí wọ́n dáàbò bò, àlejò máa ń fi gíláàsì bojú, á rì sómi lọ wo ẹja. Ní Òṣogbo, etí odò lẹ ó dúró sí. Ti Ọ̀ṣun ni ẹja, ẹnikẹ́ni kì í pa á. Ṣùgbọ́n omi náà ti pọ́n báyìí. Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò, lápá Ìjẹ̀ṣà, ló ń da ẹrẹ̀ sí i, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ti kìlọ̀ pé kí a má mu ún. Síbẹ̀, bí ọdún Ọ̀ṣun bá dé nínú oṣù Kẹjọ, ẹ ó rí àwọn èèyàn tó ń fi kéègì pọn ọ́n lọ sílé.