Samuel Àjàyí Crowther àti Ilé Rẹ̀

Bíbélì Kíkà: 1 Samuẹli 1:20–28, Orin Dafidi 127, 2 Timoteu 1:3–5

Ẹ̀yin òbí, ta ni nínú wa tí àyà rẹ̀ kò já rí nítorí ọmọ? Ọmọ ń ṣeré lójúde ní ìrọ̀lẹ́, a pè é, kò dáhùn. Ara ọmọ ọwọ́ gbóná lóru, ilẹ̀ kò sì tètè mọ́. Ilé tí ó ní ọmọdé ní ẹ̀rín, ó sì ní ìpayà. Ẹni tí a ó sọ ìtàn rẹ̀ lónìí mọ méjèèjì, nígbà tí ó wà ní ọmọdé àti nígbà tí òun náà di bàbá. A mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa, nítorí pé òun ni aṣáájú àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá.

Òwúrọ̀ Ọjọ́ Kan ní Òṣóògùn

Òṣóògùn wà ní agbègbè Ìsẹ́yìn, kò sì jìnnà púpọ̀ sí Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ ni a bí Àjàyí sí ní nǹkan bí ọdún 1809. Afala ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ní àkókò náà ìjọba Ọ̀yọ́ ti ń túká, ogun sì ń jà káàkiri. Àwọn ogun wọ̀nyí ni ó lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn baba ńlá wa wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ni ó sọ Ọ̀yọ́ Ilé di ahoro, tí Aláàfin Àtìbà fi tẹ Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí dó. Nítorí náà, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ilé Àjàyí ṣẹlẹ̀ sí ilé púpọ̀ nínú àwọn ìlú wa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, àwọn obìnrin ń se oúnjẹ lọ́wọ́ nígbà tí ariwo ta pé ogun ti dé. Bàbá Àjàyí sáré wá sílé, ó ní kí ìyàwó àti àwọn ọmọ sá, òun fúnra rẹ̀ sì padà sí ibi tí ìjà wà. Wọn kò fojú kàn án mọ́. Afala gbé ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé ọdún kan, ó sì kó àwọn ọmọ yòókù mọ́ra. Àjàyí, ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá, mú ọrun àti ọfà rẹ̀ dání. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó gbé ọmọ, tí ó sì ń wẹ̀yìn wo ọmọ, kò lè sáré. Ọwọ́ ọ̀tá tẹ̀ wọ́n. Wọ́n fi okùn sí wọn lọ́rùn bí ewúrẹ́, wọ́n sì dà wọ́n lọ sí Ìsẹ́yìn.

Ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti pín wọn. Ìyá àti ọmọ ọwọ́ lọ sí apá kan, Àjàyí àti arábìnrin rẹ̀ kan lọ sí apá kejì. Láìpẹ́ wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Ó tún bá ìyá rẹ̀ pàdé fún ìgbà díẹ̀ ní ìlú kékeré kan, lẹ́yìn náà wọ́n tún tà á lọ. Láti ọwọ́ kan sí èkejì ni wọ́n ń tà á, títí ìbànújẹ́ fi mú kí ọmọ yìí gbèrò láti pa ara rẹ̀. Ọlọ́run kò jẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Ní Èkó ni wọ́n ti kó o wọ ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní 7 Oṣù Kẹrin, 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó àwọn ẹrú lọ sí Freetown ní Sàró. Ibẹ̀ ni ó ti di òmìnira.

Ọmọ Tí Kò Ní Ilé Di Olórí Ilé

Ní Sàró, Àjàyí kọ́ ìwé kíákíá, ó sì gba Jesu gbọ́. A ṣe ìrìbọmi fún un ní 11 Oṣù Kejìlá, 1825, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Asano, ọmọ Yorùbá tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú bíi tirẹ̀. Òun náà di Kristian, a sì pè é ní Susan. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní 1829. Ọlọ́run fún wọn ní ọmọ mẹ́fà, ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin mẹ́ta. Ẹ ronú ohun tí èyí jẹ́ fún àwọn méjì tí a ti já gbà kúrò nínú agbo ilé wọn: wọ́n tún gbọ́ ẹ̀rín ọmọdé nínú ilé tí ó jẹ́ tiwọn.

Ní 1843 a fi Crowther jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà náà ni ìpè dé pé kí ó mú ìhìnrere lọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní Oṣù Kìíní, 1845, òun àti Susan gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú àwọn ọmọ. Dandeson, àbíkẹ́yìn wọn, tí a bí ní 1844, ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́. Òwò ẹrú kò tíì tán ní etíkun náà. Ibà ń pa ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó tíì mọ̀ pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé e káàkiri. Láìpẹ́ ni ìyàwó Gollmer, ẹlẹgbẹ́ wọn nínú iṣẹ́ náà, kú. Ṣé ẹ kò rò pé ẹ̀rù ba Susan bí ó ti ń wo àwọn ọmọ rẹ̀ lórí ẹní lálẹ́? Síbẹ̀ wọ́n dúró níbẹ̀ fún bí ọdún kan àti ààbọ̀, títí ọ̀nà Abẹ́òkúta fi là.

Ọjọ́ Ayọ̀

Wọn kò tíì pé oṣù kan ní Abẹ́òkúta nígbà tí ọjọ́ ńlá náà dé. Ní 21 Oṣù Kẹjọ, 1846, obìnrin àgbà kan wọlé tọ Crowther wá. Afala ni. Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ogun Òṣóògùn ti jà. Ìyá náà ti di ẹrú, ó ti di òmìnira, ó sì tún ti bọ́ sí oko ẹrú. Nígbà tí wọ́n rí ara wọn, ọ̀rọ̀ kọ̀ láti jáde. Wọ́n di ara wọn mú, ìyá ń gbọ̀n, omijé sì ń dà lójú wọn. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí pe ọmọ rẹ̀ ní àwọn orúkọ tí wọ́n fi ń pè é nígbà èwe. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ìyá àgbà ní ọmọ-ọmọ, àwọn ọmọ náà sì ní ìyá àgbà.

Afala ń sin òrìṣà nígbà náà. Crowther kò kẹ́gàn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí a rúbọ nítorí òun. Ìyá náà ń gbé láàárín wọn, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ní 1848 a ṣe ìrìbọmi fún un, a sì sọ ọ́ ní Hanna, ìyá Samuẹli.

Ìpayà Kò Tán

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé lẹ́yìn ọjọ́ ayọ̀ yìí ìpayà kò tún wọ ilé náà mọ́. Ní 3 Oṣù Kẹta, 1851, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì, lọ́kùnrin lóbìnrin, kọlu Abẹ́òkúta. Bowen, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Onítẹ̀bọmi ní ilẹ̀ wa, tí ó sì wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, wà nínú ìlú ní ọjọ́ náà. Bí Dàhòmì bá ṣẹ́gun, ohun tí ojú Òṣóògùn rí ni ojú àwọn ọmọ Abẹ́òkúta ì bá rí. Ọlọ́run gbà wọ́n. Àwọn Ẹ̀gbá lé ogun náà padà.

Ní 1867, nígbà tí Crowther ti di bíṣọ́ọ̀bù, ìjòyè kan tí ń jẹ́ Abokko mú un ní agbègbè Ìdá lórí odò Ọya, ó sì ń béèrè owó kí ó tó tú u sílẹ̀. Ta ni wọ́n mú pẹ̀lú rẹ̀? Dandeson, ọmọ ọwọ́ ọjọ́ kìíní. Ẹni tí wọ́n mú pẹ̀lú ìyá rẹ̀ nígbà èwe ni wọ́n tún mú pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ nígbà àgbà. Wọ́n bọ́, ṣùgbọ́n Fell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó wá gbà wọ́n, ni ọfà bà, ó sì kú. Dandeson kò sá kúrò nínú iṣẹ́ náà. Ní 1870, bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó gbé ọwọ́ lé e lórí fún iṣẹ́ Ọlọ́run.

Susan kú ní 1880. Àwọn àgbà wa a máa sọ pé ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Nígbà tí Afala kú ní 1883, ọmọ tí ó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1821 ṣì wà láàyè. Crowther fúnra rẹ̀ sùn nínú Olúwa ní Èkó ní 31 Oṣù Kejìlá, 1891.

Ẹ̀kọ́ Fún Wa

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó sọnù ní Òṣóògùn ni ó padà. Bàbá Àjàyí kò padà. Ìlérí Ọlọ́run fún ilé Kristian kì í ṣe pé ìpayà kò ní kan ilẹ̀kùn wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kúrò lójú wa kò kúrò lójú Rẹ̀. Afala kò mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìtọ́jú àwọn ọmọ wa bí agbára wa ti mọ, kí a máa pè wọ́n jọ fún àdúrà nígbà tí ara dá, kí a má ṣe dúró di ọjọ́ ìpọ́njú. A kò lè wà pẹ̀lú wọn níbi gbogbo. Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n lé Ẹni tí ó wà níbi gbogbo lọ́wọ́.

Ìbéèrè

1. Kí ni Hanna inú Bíbélì àti Afala fi jọ ara wọn? Níbo ni wọ́n ti yàtọ̀?
2. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí Crowther àti Susan mú àwọn ọmọ kékeré lọ sí ibi tí ewu wà? Sọ ìdí rẹ̀.
3. Báwo ni a ṣe lè ran òbí tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, tàbí tí ó ti pàdánù ọmọ, lọ́wọ́ nínú ìjọ wa ní ọ̀sẹ̀ yìí?