Pierre Fátúmbí Verger: Ayàwòrán tó gbé ojú àwọn ará Kétu dé Bàhíà

Lára àwọn òyìnbó tó ti gba ilẹ̀ wa kọjá, díẹ̀ ló wọ inú àṣà wa tó Pierre Verger. Orúkọ tí Ifá fún un ní Kétu ni Fátúmbí, ìyẹn ni pé Ifá tún un bí. Iṣẹ́ fọ́tò ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Fọ́tò yẹn náà ló jẹ́ ká lè rí ojú àwọn bàbá àti ìyá wa lónìí.

Ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 1902. Àwọn ẹbí rẹ̀ rí jájẹ, ilé ìtẹ̀wé ni wọ́n ní. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ tètè kú, àwọn arákùnrin rẹ̀ náà lọ, nígbà tó sì di ọdún 1932, ìyá rẹ̀ tó ṣẹ́kù papò dà. Ọdún yẹn gan-an ló kọ́ iṣẹ́ fọ́tò lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Pierre Boucher, tó sì gbé kámẹ́rà Rolleiflex kọ́rùn. Nǹkan bí ọdún 14 ló fi rìn káàkiri ayé, tó ń ta fọ́tò fún àwọn ìwé ìròyìn.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1946, ó gúnlẹ̀ sí Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bàhíà ní Bràsíìlì. Ibẹ̀ ló ti pàdé àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ṣì ń bọ Ṣàngó àti Ọ̀ṣun, púpọ̀ nínú ilé òrìṣà wọn ló sì ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ Kétu. Verger fẹ́ mọ ibi tí odò náà ti ṣàn wá. IFAN, ilé ìwádìí àwọn Faransé ní Dakar, fún un lówó ìrìnàjò, ó sì dé Dàhòmì.

Bó ṣe ṣe é nìyí: ó ya fọ́tò níbí, ó yà á lọ́hùn-ún, ó wá ń gbé ti ìhà kan han ìhà kejì. Àwọn ẹbí tí òkun ti pín níyà láti ìgbà òwò ẹrú wá rí ìlù ara wọn, wọ́n rí aṣọ ara wọn, wọ́n sì rí bí ara wọn ṣe ń wólẹ̀ fún òrìṣà.

IFAN ní fọ́tò nìkan kò tó, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ní ọdún 1949, ní Wídà, ó rí lẹ́tà 112 tí José Francisco dos Santos, télọ̀ tó di oníṣòwò ẹrú, fi sílẹ̀. Bí ikán bá ti jẹ ìwé wọ̀nyẹn ni, ẹ̀rí ńlá ìbá ti sọnù. Láti ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tó di ìwé ńlá lórí òwò ẹrú láàárín etí òkun wa àti Bàhíà, tó jáde ní ọdún 1968. Verger tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 17 gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Sorbonne.

Ní ọdún 1953, ó di babaláwo ní Kétu. Ó kọ́ ewé, ó kọ́ ọfọ̀, ó sì ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀.

Verger kì í da nǹkan nù. Ojú fíìmù tó kó jọ lé ní 62,000. Ní ọdún 1988, ó dá àjọ kan sílẹ̀ nínú ilé tó ń gbé ní Salvador, ó sì kó gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1996, ní ẹni ọdún 93, ṣùgbọ́n àwọn fíìmù náà wà níbẹ̀ títí di òní.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn wá. Ẹni tó bá fẹ́ rí Kétu àtijọ́ lè ní láti wò ó ní Bràsíìlì. Èyí tó wà nínú àpótí ìyá wa àgbà ńkọ́? Kò sí àjọ kankan tó ń bá wa ṣọ́ ọ. Òjò, ooru àti ikán ló ń bá a gbé.

Ẹ gbé àwọn fọ́tò náà kúrò nínú oòrùn àti lára ògiri tó ń rin. Inú àpò ìwé ló yẹ kí wọ́n wà, kì í ṣe nínú ọ̀rá. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ, ìlú àti ọdún sẹ́yìn wọn, nítorí gègé lè ba fọ́tò jẹ́. Ẹ fi fóònù yà wọ́n, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí ní Kutọnú, ní Èkó àti níbi yòówù tí wọ́n wà, kó má jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ló kù. Ní pàtàkì, ẹ jókòó ti àwọn àgbà nísinsìnyí, kí ẹ bi wọ́n pé ta nìyí, ta nìyẹn. Tí àgbà tó mọ̀ wọ́n bá ti lọ, fọ́tò á ṣì wà nínú àpótí, ṣùgbọ́n kò ní sẹ́ni tó mọ ọmọ ta ni.