Al-Khwarizmi, Àáfà Oníṣirò

Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama, mo sá fún áljẹ́brà. Mo ní ìmọ̀ òyìnbó ni, kò kan ọmọ kéwú. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, baba kan ní Ìkòtún sọ ọ̀rọ̀ kan náà nípa ọmọ rẹ̀, ojú sì tì mí, nítorí mo ti wá mọ ẹni tí ó fi ìmọ̀ náà lélẹ̀.

Muhammad ọmọ Musa ni. Al-Khwarizmi ni ayé mọ̀ ọ́n sí. A bí i ní nǹkan bí ọdún 780. Bàgídáàdì ni ó ti ṣiṣẹ́, ní Ilé Ọgbọ́n, lábẹ́ Kálífà al-Ma'mun tí ó jọba láti 813 títí di 833. Kálífà yìí ni ó gbà á níyànjú tí ó fi kọ ìwé al-jabr fún àwọn tí ń pín ogún, tí ń ṣòwò, tí ń wọn ilẹ̀.

Ẹ wo ọgbọ́n rẹ̀. Ilẹ̀ kan wà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. A so ilẹ̀ mìíràn mọ́ ọn, tí ó gùn tó o, tí ó sì fẹ̀ ní 10. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 39. Báwo ni ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́ ṣe gùn tó? Ó la ilẹ̀ kejì sí méjì, 5 àti 5, ó fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ méjì. Igun kan ṣófo. Ó fi 25 dí i. Gbogbo rẹ̀ di 64, èyí tí í ṣe 8 lọ́nà 8. Yọ 5 kúrò, ó ku 3. Èyí ni àwọn ọmọ wa ń pè ní kuadirátíìkì.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ó kàn yín. Ká ní ẹ jẹ èrè 100 náírà lórí ọjà kan, ènìyàn 80 sì rà á: 8,000 náírà. Bí ẹ bá ti ń fi 100 lé èrè, ká ní ènìyàn 20 ń yẹra. Ní 200, ẹ jẹ 12,000. Ní 250, 12,500. Ní 400, ó padà di 8,000. Ní 500, òfo. Bí a bá yà á sórí ìwé, ìlà náà yóò gòkè bí òkè, yóò sì sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn tí ìwé Descartes ará Faransé jáde ní 1637 ni irú àwòrán yìí tàn kálẹ̀. Òkè náà ní téńté. Ẹni tí ojúkòkòrò bá mú kọjá ibẹ̀, ìsàlẹ̀ ni ó ń lọ.

Al-Khwarizmi kú ní nǹkan bí 850. Ní 1145 ni a túmọ̀ ìwé rẹ̀ sí èdè Látìnì, láti inú al-jabr ni òyìnbó sì ti mú orúkọ áljẹ́brà. Mo ti sọ fún baba náà pé kí ó dá ọmọ rẹ̀ padà sí kíláàsì. Kí Ọlọ́run fi ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní jíǹkí wa. Àmín.