Elizabeth Kenny, obìnrin tó tú ẹsẹ̀ ọmọdé sílẹ̀ nínú ìdè

Ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1880 ni wọ́n bí Elizabeth Kenny ní Warialda, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Nígbà èwe rẹ̀, ó já bọ́ lórí ẹṣin, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ṣẹ́. Dókítà Aeneas McDonnell ló tọ́jú rẹ̀ ní Toowoomba. Inú ìwé dókítà yìí ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí iṣan àti egungun ṣe ń ṣiṣẹ́.

Kò gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ní ilé ẹ̀kọ́ kankan. Ẹnu iṣẹ́ ló ti kọ́ iṣẹ́. Ní agbègbè Nobby, ẹṣin ló ń gùn kiri oko láti tọ́jú aláìsàn, kì í sì í gba owó. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti ròyìn, ní ọdún 1911 ó bá ọmọdébìnrin kan tí ìrora kò jẹ́ kó na ẹsẹ̀. Ó tẹ wáyà sí McDonnell. Èsì tó gbà ni pé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni, pé kò ní oògùn, kí ó ṣe ìwọ̀n tó bá lè ṣe. Kenny ya aṣọ onírun àgùntàn, ó rì í sínú omi gbígbóná, ó fún un, ó sì fi wé ẹsẹ̀ ọmọ náà. Nígbà tí ìrora rọlẹ̀, ó ń mi ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, títí ọmọ fi lè gbé e fúnra rẹ̀.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun tó ń kó àwọn ọmọ ogun. Níbẹ̀ ló ti gba oyè Sister ní ọdún 1917.

Ní ọdún 1932, ó ṣí ibi ìtọ́jú sí Townsville, ìjà sì dé. Àṣà àwọn dókítà ìgbà náà ni láti fi pákó de apá àti ẹsẹ̀ ọmọ, kí ó má baà wọ́. Ọmọ a wà nínú ìdè fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí wọ́n bá tú u, ẹsẹ̀ a ti rù, oríkèé a sì ti gan. Kenny ní kí wọ́n tú ìdè náà. Ní ọdún 1938, ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ní Queensland kéde pé àṣìṣe ńlá ni. Síbẹ̀, àwọn òbí kò yéé gbé ọmọ wọn wá.

Ní ọdún 1940, ó rékọjá sí Amẹ́ríkà. Àwọn dókítà Minneapolis fi ojú ara wọn wo iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gbà á. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1942, ilé ìtọ́jú tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣí níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló tọ̀nà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gba àlàyé tó ṣe nípa àrùn náà, òun náà kò sì fara da àtakò. Ṣùgbọ́n ìdè tó tú kò padà mọ́.

Ó kú ní Toowoomba ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1952. Nobby ni wọ́n sin ín sí. Lónìí, bí nọ́ọ̀sì bá ní kí aláìsàn wa dìde lórí ibùsùn, tó di apá rẹ̀ mú kó lè gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹ má ṣe pè é ní ìkà. Ara tí a kò lò ni í gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.