Alex Konadu: Ta ni olórin Kumasi tí wọ́n ń pè ní One Man Thousand?

Ó ti pẹ́ tí Alex Konadu ti papòdà, ṣùgbọ́n bí òkú bá sùn ní Kumasi, orin rẹ̀ kì í jìnnà síbẹ̀.

Ọmọ Adwumakase Kese, nítòsí Kumasi lórílẹ̀èdè Ghana, ni. Ó kọrin nínú ẹgbẹ́ Kwabena Akwaboah kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Highlife onígìtá ló ń kọ, ní èdè Twi.

Kejetia ni ibùdókọ̀ ńlá Kumasi, níbi tí ọkọ̀ ti ń gbéra lọ sí ìlú àti abúlé. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni Konadu tọ̀ di ìlúmọ̀ọ́ká. Kò dúró sí ìgboro kí àwọn olólùfẹ́ wá bá òun. Òun ló ń gbé eré lọ bá wọn.

Èrò tó ń ya lọ síbi eré rẹ̀ ló sọ ọ́ di One Man Thousand: ẹnì kan ṣoṣo tó ń kó ẹgbẹ̀rún èèyàn jọ. Orúkọ yìí náà ló wà lára àwo orin rẹ̀ tí iléeṣẹ́ World Circuit gbé jáde ní London lọ́dún 1988.

Asaase Asa ni orin tí àwọn èèyàn fi mọ̀ ọ́n jù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilẹ̀ ti tán. Orin ọ̀fọ̀ ni, wọ́n sì máa ń lù ú níbi ìsìnkú àwọn Akan, láàárín èrò aláṣọ dúdú àti pupa.

Lóṣù Kínní ọdún 2011, ikú mú Konadu náà lọ. Orin tó fi bá ọ̀pọ̀ ìdílé dárò ló kù fún àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ láti fi dárò òun fúnra rẹ̀.