Houdry, ará àjò tó sọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ epo di bẹntiróò

Lọ́dún tó kọjá, ní Awada níbí, mẹkáníìkì kan tú sálẹ́ńsà mọ́tò tá a fi ń kó ọjà. Ó ní ohun kan tó rí bí afárá oyin nínú ẹ̀ kò wúlò, kóun yọ ọ́ dànù. A ní kò burú. Ìgbà tó ti tà á tán la gbọ́ pé platinum wà lára ẹ̀, owó gidi sì ni. Ibi tá a ti ń bínú la ti wádìí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bí i, la bá pàdé ìtàn ará àjò bíi tiwa, Eugene Houdry.

Ní Domont, nítòsí Paris, ni wọ́n bí i lọ́dún 1892. Bàbá rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ irin. Ó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó lọ sógun, ó fara gbọgbẹ́ lọ́dún 1917. Eré ìje mọ́tò ló fẹ́ràn, ìyẹn ló jẹ́ kó máa wá bẹntiróò tó dáa.

Tí wọ́n bá se epo rọ̀bì, èyí tó fúyẹ́ á gòkè bí oru: bẹntiróò, kẹrosíìnì, díísù. Èyí tó wúwo á kù sísàlẹ̀. Nígbà náà, ooru nìkan ni wọ́n fi ń fọ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn, bẹntiróò ibẹ̀ kì í sì í dáa tó. Houdry rí i pé tí oru epo bá gba àárín amọ̀ kan tí wọ́n ti fi ásíìdì tọ́jú, á fọ́ sí wẹ́wẹ́, amọ̀ náà ò sì ní tán. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èédú á bo amọ̀ náà, kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ló bá to àgbá mélòó kan: bí ọ̀kan ṣe ń fọ́ epo, wọ́n á máa fẹ́ atẹ́gùn sí òmíràn kí èédú rẹ̀ lè jó kúrò. Ooru tó tibẹ̀ jáde, wọ́n tún ń lò ó.

Nílé, owó iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju èrè lọ, wọ́n pa á tì. Lọ́dún 1930, iléeṣẹ́ Vacuum Oil ké sí i wá sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí owó tún fẹ́ tán, Sun Oil dá sí i. Lọ́dún 1937, ẹ̀rọ ńlá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Marcus Hook. Nǹkan bí ìdajì ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde ló jẹ́ bẹntiróò tó dáa. Ìdámẹ́rin péré ni ti ọ̀nà àtijọ́. Nígbà ogun, epo yìí ló gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó.

Kò gbàgbé ilé. Nígbà tí Jámánì gba Faransé, ó kó àwọn ará ìlú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jọ láti ti de Gaulle lẹ́yìn. Ìjọba Vichy gba ìwé ọmọ ìlú lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 1941.

Nígbà tó dàgbà, èéfín mọ́tò wá ń kó ìdààmú bá a. Ọgbọ́n kan náà ló lò: kí atẹ́gùn burúkú gba ara ohun tí yóò yí i padà. Àmọ́ òjé tí wọ́n ń pò mọ́ bẹntiróò ń ba nǹkan náà jẹ́. Ó kú lọ́dún 1962. Àárín ọdún 1970 sí 1980 ni mọ́tò tuntun tó ń lò ó pọ̀ ní Amẹ́ríkà.

Lóde òní, ọgbọ́n rẹ̀ wà ní ilé ìfọpo Warri, Kaduna àti ti Dangote. Lọ́dún 2016, àjọ ìlera àgbáyé fi Onitsha wa sí iwájú àwọn ìlú tí eruku afẹ́fẹ́ wọn pọ̀ jù. Mọ́tò nìkan kọ́ ló fà á, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì yọ tiyín o.